Nígbà tí pupa ẹyin ò pupa mọ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ẹ̀sùn mẹ́ta ló já lé ìyá ẹlẹ́yin kan lórí ní ọjà Wazo, oko kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyin tọ́rọ̀ kàn sì ti wá. Onítíì kan ní Sábó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kirétì mẹ́ta ló ń rà lójúmọ́. Ó ní: “Màmá, ẹyin yín ti yàtọ̀ o. Tí mo bá dín in, ńṣe ló ń funfun, àwọn kọ́sítọ́mà ń bi mí pé ṣé mo fi fúláwà lú u ni.” Lẹ́yìn ìyẹn làwọn alátùn-ún-tà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹyin ń fọ́ nínú kirétì kí ọ̀kadà tó gbé e délé. Ẹ̀kẹta ló le jù: ilé oúnjẹ kan nítòsí Takie dá kirétì méjì padà pé ẹyin sísè ń rùn bí ẹja. Wọ́n sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka ìyá ẹlẹ́yin lórí, torí pé ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti àwọn ẹlẹ́ja gbígbẹ.

Oko náà wà lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Adìẹ ẹlẹ́yin 500 ló wà níbẹ̀, irú èyí tó ń yé ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀, ọmọ ọ̀sẹ̀ 38 sì ni wọ́n. Orí ilẹ̀ tí wọ́n da ẹ̀rúnrún pákó sí ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú kéèjì. Adìẹ kankan kò kú, ìkankan kò sín, wọ́n sì ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Wọn ò kọ oúnjẹ: nǹkan bíi gíráàmù 115 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ lójúmọ́, ìyẹn kílò 57 àtààbọ̀ fún gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹyin 430 tí wọ́n ń kó lójúmọ́ ní oṣù Kìíní ti já wálẹ̀ sí 365, ìwọ̀n ẹyin kan sì ti kúrò ní gíráàmù 61, ó ti di 56. Ẹni tó ni oko ní ogbó ló ti dé sí adìẹ òun. Kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Adìẹ tó bá ń gbó máa ń dín iye ẹyin kù lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ni ẹyin rẹ̀ máa ń tóbi sí i. Tí iye bá ń dín tí ìwọ̀n náà tún ń dín, inú ọpọ́n oúnjẹ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Fíìdì tó yí padà

Oko yìí kì í ra fíìdì alápò. Wọ́n máa ń ra èròjà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó o lọ sílé ẹ̀rọ tó ń lọ fíìdì nígboro. Ìlànà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò burú. Nínú 100 kílò, àgbàdo pupa jẹ́ 52, kárákárá sóyà (èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n fún epo sóyà) 18, dúsà (èérí ọkà) 10, kárákárá ekuro 6, ẹja lílọ̀ 3, láìmúsítòǹ (òkúta ẹfun lílọ̀ tó ní kálísíọ̀mù) 8, egungun lílọ̀ 2. Kílò kan tó kù ni iyọ̀, premix (àpòpọ̀ fítámìnì àti mínírà), methionine àti lysine (èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì), àti oògùn tó ń dè májèlé èbù pín láàárín ara wọn. Tí a bá ṣírò rẹ̀, purotéènì rẹ̀ á tó 17 nínú ọgọ́rùn-ún, kálísíọ̀mù rẹ̀ á sì sún mọ́ 3.75. Adìẹ ẹlẹ́yin ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàdo pupa wọ́n gógó. Àgbàdo tuntun kì í dé ọjà lágbègbè yìí títí di nǹkan bí oṣù Kẹfà tàbí Keje, gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ ló sì ń jìjàdù èyí tó kù nínú àká. Wọ́n wá fi kílò 22 àgbàdo funfun àti kílò 30 ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe láfún, rọ́pò kílò 52 náà. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe oúnjẹ burúkú fún adìẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó àgbàdo, ó sì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju àgbàdo lọ ní irú àsìkò yẹn. Ibi tí ìṣirò ti wọ́ ni pé wọn ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Purotéènì àgbàdo jẹ́ bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹ̀gẹ́ kò ju 2 sí 3 lọ. Pàṣípààrọ̀ kílò 30 yẹn nìkan ti gbé purotéènì fíìdì láti 17 wá sí 15.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ẹnì kan nílé ẹ̀rọ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ẹja kún un. Wọ́n yọ kílò 6 kúrò nínú dúsà, wọ́n fi ẹja lílọ̀ dí i, ẹja bẹ́ẹ̀ di kílò 9. Lórí ìwé, purotéènì ti padà ju 17 lọ. Ṣùgbọ́n ẹja olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà, orí àti egungun ẹja oníyọ̀ tí wọ́n lọ̀ pọ̀, òórùn àti iyọ̀ sì bá a wọlé.

Bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò

Wọ́n mú ẹyin mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá látinú àpótí ìyé, wọ́n fọ́ ọ sórí àwo funfun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Funfun ẹyin ki dáadáa, ó dúró yí pupa ká, kò ṣàn. Ìyẹn fi hàn pé ẹyin náà kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Pupa rẹ̀ yípo, ó dúró sókè, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó lọ. Lórí ìwé àwọ̀ alábẹ̀bẹ̀ tí àwọn onímọ̀ adìẹ fi ń wọn pupa ẹyin, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 15, nọ́ńbà 3 ló bá mu.

Ibi tó yẹ kí ẹni tó ń ra ẹyin fetí sí nìyí. Adìẹ kò lè dá àwọ̀ pupa ẹyin ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó bá jẹ ló ń kó o síbẹ̀: èròjà olómi-ọsàn tí wọ́n ń pè ní xanthophyll, tó wà nínú àgbàdo pupa, ewé tútù àti irú ata kan. Àgbàdo funfun, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ kò ní i tó nǹkan. Pupa ẹyin kan máa ń dàgbà kíákíá fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí adìẹ tó yé e, nítorí náà bí àwọ̀ ọ̀la yóò ṣe rí ti wà nínú oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹyin kò fi di funfun lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fíìdì, tí onítíì fi gbà pé ìyá ẹlẹ́yin ló ń yí oko padà fún òun.

Ṣé ẹyin tó funfun bẹ́ẹ̀ kò dára fún jíjẹ? Ó dára. Purotéènì inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹyin tí pupa rẹ̀ dọ́gbọ́n jọ epo. Bí oúnjẹ adìẹ bá dín, adìẹ a kọ́kọ́ dín iye ẹyin, a tún dín ìtóbi rẹ̀, kó tó kan ohun tó fi sínú ẹyin. Ohun tí oúnjẹ lè yí padà nínú ẹyin ni àwọ̀, òórùn, irú ọ̀rá inú rẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn fítámìnì, àti èèpo. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, àwọ̀ ni gbogbo ayé ń pariwo lé lórí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló jẹ́ àdánù tó kéré jù lọ.

Ọ̀rọ̀ òórùn gba ìwádìí díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní láti mọ̀ bóyá ẹja gbígbẹ inú ọjà ló kó òórùn ran ẹyin, torí pé èèpo ẹyin ní ihò wẹ́wẹ́ tí òórùn kẹrosíìnì, àlùbọ́sà tàbí ẹja lè gbà wọlé. Wọ́n wá se ẹyin mẹ́wàá tí kò tíì kúrò lóko rárá, wọ́n là á nígbà tó ṣì gbóná. Méjì rùn, mẹ́jọ kò rùn. Ọjà bọ́ nínú ẹ̀sùn. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì péré, nígbà tó jẹ́ pé fíìdì kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ? Nínú àwọn adìẹ tó ń yé ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀, a máa rí díẹ̀ tí wọ́n jogún àbùkù kan: ara wọn kò lè fọ́ trimethylamine dànù. Èròjà yìí, tí ẹja máa ń mú wá dáadáa, ló ń fún ẹja tó ti pẹ́ ní òórùn rẹ̀. Adìẹ tó bá ní àbùkù náà á da òórùn ọ̀hún sínú pupa ẹyin, èyí tí kò bá ní in á jẹ ẹja kan náà láìsí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè sè ẹyin mẹ́fà látinú kirétì kan tí ẹyọ kan ṣoṣo fi máa bà á lẹ́nu jẹ́.

Ẹja lílọ̀ náà kò ṣòro láti dán wò. Wọ́n bu ṣíbí kan sínú ife omi, wọ́n rò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹja gidi máa ń léfòó tàbí kó rọra sọ̀ kalẹ̀, yanrìn máa ń rì wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yanrìn tó wà nísàlẹ̀ ife náà nípọn tó ìka àtàǹpàkò, omi orí rẹ̀ sì níyọ̀ lẹ́nu. Owó yanrìn àti owó iyọ̀ ni wọ́n ti ń san ní iye ẹja.

Iyọ̀ yẹn tún ṣe nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò so pọ̀ mọ́ ẹja. Adìẹ tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ á máa mu omi ṣáá, ìgbẹ́ rẹ̀ á ṣàn, ẹ̀rúnrún pákó á tutù, adìẹ á sì máa fi ẹsẹ̀ kó ẹ̀gbin wọ àpótí ìyé, ẹyin á dọ̀tí. Ọmọ oko ń fi àkísà tútù nu ẹyin kó tó tò ó. Bẹ́ẹ̀, ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára ẹyin tó ń dí ihò rẹ̀; bí wọ́n bá fi omi nù ún, ìbòrí yẹn á lọ, kòkòrò àìfojúrí á ráyè wọlé, ẹyin á sì tètè bàjẹ́. Ẹyin tó bá dọ̀tí díẹ̀, kí wọ́n fi àkísà gbígbẹ nù ún. Èyí tó bá dọ̀tí gan-an, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sè é lọ́jọ́ náà.

Èèpo tó ń fọ́

Ẹyin bíi 30 ló ń sán lójúmọ́ lóko yẹn, kirétì kan odidi. Kálísíọ̀mù inú fíìdì kò dín o. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé ayédèrú ni láìmúsítòǹ, wọ́n fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó hó ṣùwà. Ojúlówó ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná jù, gbogbo rẹ̀ dà bí àtíkè.

Wákàtí bíi 20 ni adìẹ fi ń hun èèpo ẹyin kan, òru ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, nígbà tí kò sí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èèpo kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù. Ìyẹ̀fun láìmúsítòǹ tó jẹ láàárọ̀ ti gba inú rẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú; egungun ara rẹ̀ ni yóò máa yá lò. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ ẹ̀rún ìkarahun òkun tàbí láìmúsítòǹ tó tóbi tó hóró ọkà bàbà, inú iwe ni yóò jókòó sí, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Ooru oṣù Kẹta tún dá kún un. Adìẹ kì í làágùn. Ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ ni, afẹ́fẹ́ tó ń mí jáde sì ń gbé lára ohun tó yẹ kó fi hun èèpo lọ. Iyọ̀ tó pọ̀ jù kì í ran èèpo lọ́wọ́ bákan náà.

Ohun tí wọ́n ṣe

Ẹja olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde. Wọ́n wá tún ìlànà kọ báyìí fún 100 kílò: àgbàdo pupa 40, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ 12, kárákárá sóyà 21, dúsà 7, kárákárá ekuro 5, ojúlówó ẹja lílọ̀ 2, ewé moringa gbígbẹ lílọ̀ 2, láìmúsítòǹ 8, egungun 2, àti kílò kan fún àwọn wẹ́wẹ́. Nínú àwọn wẹ́wẹ́ yìí, wọ́n dín iyọ̀ láti gíráàmù 300 sí 250, wọ́n sì fi kún methionine, torí pé ẹ̀gẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Purotéènì rẹ̀ padà sún mọ́ 17.

Ẹ̀gẹ́ kílò 12 yẹn, kí ó gbẹ débi tí yóò fi ṣẹ́ pàkà lọ́wọ́. Èyí tí èbù dúdú tàbí aláwọ̀ ewé bá ti wà lára rẹ̀, kí wọ́n má fi sí i, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tún máa ń kù bí eruku: adìẹ á ṣa hóró àgbàdo jẹ, á fi ìyẹ̀fun tí premix wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọ́n. Kílò kan epo pupa tí wọ́n po mọ́ 100 kílò á mú eruku náà rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé epo pupa ló ń mú pupa ẹyin pọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí pé fítámìnì A ni ara adìẹ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọ̀ epo dà. Ewé moringa, tàbí ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ dáadáa sínú oòrùn kí májèlé inú rẹ̀ lè lọ, wúlò fún àwọ̀ jù ú lọ. Ata gbígbẹ tó pọ́n náà ń ṣiṣẹ́, adìẹ kì í mọ̀ pé ó ta.

Láìmúsítòǹ kílò 8 ni wọ́n pín sí méjì. Ìdajì ń bá fíìdì wọ ẹ̀rọ, ìdajì kejì jẹ́ ẹ̀rún ìkarahun òkun tí wọ́n ń wọ́n sórí ọpọ́n ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fún adìẹ 500, kílò 2.3 ni ti ìrọ̀lẹ́ kan. Wọ́n sún oúnjẹ sí kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán gangan di ti omi tútù nìkan. Wọ́n kó ẹ̀rúnrún pákó tó tutù jáde, wọ́n da gbígbẹ sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin tó ń sán ti dín sí bíi mẹ́jọ lójúmọ́. Òórùn lọ ní bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, àwọ̀ ti dé nọ́ńbà 8. Iye ẹyin ló pẹ́ jù kó tó padà: oṣù kan gbáko kó tó tún kọjá 420. Ìwọ̀n ẹyin náà padà sí 60.

Fún ẹni tó ń rà

Àwọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Fíìdì kan wà tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́, kò sì lòdì sófin. Adìẹ tó ń jẹ ẹ́ lè yé ẹyin tí pupa rẹ̀ pọ́n bí osùn, tí nǹkan mìíràn ò sì pé lára rẹ̀. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ máa ń pọ́n torí ewé tó ń já jẹ káàkiri. Aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí funfun tí èèpo jẹ́, ìran adìẹ ló ń pinnu rẹ̀, oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ tí pupa ẹyin bá ń ṣe bí ewé tàbí bí ilẹ̀, kéèyàn bi oko bóyá kárákárá òwú wà nínú fíìdì.

Ohun tó sàn jù ni kí ènìyàn gbé kirétì lé ìwọ̀n. Ẹyin 30 tó jẹ́ gíráàmù 60 níkọ̀ọ̀kan á wọn kílò 1.8, ti oko yìí nígbà tí nǹkan bàjẹ́ kò ju 1.68 lọ, iye kan náà ni wọ́n sì ń tà á. Kéèyàn fi ọwọ́ pa èèpo rẹ̀: èyí tó bá rí wúruwùru bí yanrìn tàbí tó tẹ̀ lábẹ́ ìka kò ní pẹ́ fọ́. Kí ó yẹra fún èyí tí wọ́n ti fi omi nù, tó ń dán, àti èyí tó ti sán, bí wọn ò tiẹ̀ tíì ṣàn. Tó bá délé, èyí tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ nísàlẹ̀ omi ṣì tuntun, èyí tó bá nàró ti pẹ́, èyí tó bá léfòó, kí ó jù ú nù. Ti òórùn ẹja, kò hàn lójú. Ẹni tó ń rà fún ilé oúnjẹ lè se mẹ́fà nínú kirétì àkọ́kọ́ kí ó tó gba ogún.

Ilé oúnjẹ ti Takie padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́yin, ó sì ń se mẹ́fà kó tó gbà. Onítíì Sábó ní tòun ra ìwọ̀n kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù rẹ̀. Kirétì tí kò bá tó kílò 1.75, ó ń dá a padà.